Oríkì Tí Mo Kọ́ Òyìnbó

Kí ẹ tó ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sì máa káàánú ẹni tí kò yẹ, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi ni mo jẹ̀bi. Kì í ṣe òyìnbó. Kì í ṣe àwọn apànìyàn yẹn nìkan. Èmi, Phindile Mkhize, ọmọ tí màmá rẹ̀ fi ń yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé yóò di dókítà.

Ọdún tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni. Wọ́n fi mí sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù ìjọba kan lẹ́yìn ìlú Durban, níbi tí a ti ń rán ara èèyàn bí ẹni rán aṣọ. Ọbẹ, àáké, ìbọn, ìgò fífọ́, kò sí èyí tí a kì í rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi máa ń ti òkè òkun wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí wọn ò ní rí nílé wọn títí wọ́n á fi darúgbó, wọ́n á rí i lọ́dọ̀ wa ní òpin ọ̀sẹ̀ kan.

Báyìí ni Lennart ṣe dé láti ilẹ̀ Jámánì. Ó ga, ó tínrín, etí rẹ̀ máa ń pọ́n bí ojú bá tì í. Dókítà Govender, ọ̀gá wa, tì í sọ́dọ̀ mi.

"Phindile, tìẹ rèé. Má jẹ́ kó kú, má sì jẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n gbé ọkùnrin kan wọlé tí àáké ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣá a náà ló gbé e wá, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ wá pé kí a má jẹ́ kí àbúrò òun kú. Lennart wo àáké náà, ó wo egungun tó funfun lábẹ́ rẹ̀, ó sì sáré lọ bì sínú agbada ìfọwọ́.

Aláìsàn náà yí orí sí mi. "Sisi, ẹ bójú tó òyìnbó yẹn ná. Èmi lè dúró."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀rín mi fún yín, nítorí ẹ máa tó mọ ìdí rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí bá ń han, á wá parí sí ikọ́. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tó tún ṣì í mọ̀.

Lennart kò pẹ́ kó tó mọṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára, kò sì gbéraga. Ó máa ń yìn mí níwájú ènìyàn, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe fún mi ní ọsibítù yẹn.

"Phindile, o mọṣẹ́ ju àwọn tó ń gba owó oṣù nílé wa lọ," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fọ ọwọ́. "Màmá mi ni olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù wọn. N óo bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ náà á wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa."

"Èmi kẹ̀? Ní Jámánì?"

"Kí ló dé? Ṣé èmi náà kọ́ ló wá síbí?"

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa tó wọ bàálù rí. Mo délé, mi ò lè jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí Lennart bá fẹ́ ni mò ń ṣe.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé MaCele dé.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Obìnrin tó ni ọkọ̀ takisí ni. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà tí takisí ń gbà jẹ́ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn, ẹgbẹ́ kan á ní tàwọn ni, ẹgbẹ́ kejì á ní irọ́ ni. Wọ́n ti yìnbọn pa ọkọ rẹ̀ ní gáréèjì ṣáájú. Òun ló gba àwọn ọkọ̀ náà, ó sì sọ gbangba pé òun máa lọ dárúkọ àwọn apànìyàn ní kóòtù. Wọ́n dè é lọ́nà, wọ́n da ọta bo ọkọ̀ rẹ̀.

Ọta wọ àyà rẹ̀, ó wọ itan, ó fọ́ egungun apá òsì. Síbẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí n kú," ó ń mí bí ẹni tí omi ń gbé lọ. "Mo rí ojú wọn. Èmi nìkan ló rí wọn. Tí mo bá kú, wọ́n ti lọ nìyẹn."

"Ẹ dákẹ́, Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

"Mi ò ní dákẹ́! Ìwọ ṣáà ṣiṣẹ́ ẹ!"

Dókítà Govender la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín egungun ìhà, ó di ọwọ́ Lennart mú, wọ́n sì jọ ti rọ́bà wọ inú àyà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó bo bàtà Lennart. MaCele kígbe tí gbogbo ilé fi gbọ́. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti dé.

Ó yè é. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, Dókítà Govender kó gbogbo wa jọ.

"Obìnrin yìí kì í ṣe MaCele mọ́. Petersen ni. Ẹ kọ Petersen, ẹ pè é ní Petersen, kódà lójú àlá yín. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú fóònù wọ yàrá rẹ̀. Ẹ rántí ọkùnrin tí wọ́n wá bá lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí wọ́n sì parí iṣẹ́ wọn níbẹ̀, tí rọ́bà tí a fi ń fún un ní atẹ́gùn ṣì wà ní ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tó bá tú àṣírí obìnrin yìí, òun ló yin ìbọn kejì."

A fi í sí yàrá kékeré kan tó ṣí sínú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ọlọ́pàá kan ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ebi kò bá pa á.

Èmi ni mò ń tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ń yá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn.

"Petersen, Petersen," ó sọ lọ́jọ́ kan, ó pa eyín pọ̀ nítorí ìrora. "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló tọ́ ẹ? Òní lo fa ẹ̀jẹ̀ lára ìyá ẹ, àná lo ya aṣọ kúrò lára ọgbẹ́ ẹ̀, o ò lè fi oríkì ilé bàbá ẹ̀ bẹ̀ ẹ́?"

Ojú tì mí. Lọ́dọ̀ àwa Zulu, oríkì ilé bàbá ẹni ni a fi ń kí ènìyàn, òun la fi ń dúpẹ́, òun la fi ń tuni nínú. Ẹni tó bá pa àgbà lára tí kò ki í, bí ẹran ni wọ́n ń wò ó. Mo ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò dé dáadáa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ndosi. Ẹ má bínú, Magaye."

Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tí mo fún lábẹ́rẹ́. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ ènìyàn ni ẹ́. O ṣeun, Khabazela." Ìyẹn ni oríkì tiwa, ti ilé Mkhize, bí Ndosi àti Magaye ṣe jẹ́ ti ilé Cele tí wọ́n ti bí MaCele.

Kí n tó dáhùn, ohùn kan ti wọ́ọ̀dù wá. "Èmi rèé! Ta ló ń pè mí?"

Ara mi bù máṣọ. Gogo Ntombana ni, ìyá àgbà tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà nítòsí ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Cele lòun náà, kò lọ́kọ, inú ilé bàbá rẹ̀ ló ti gbé dàgbà títí tó fi tọ́ ọmọ àwọn àbúrò rẹ̀. Abúlé wọn jìnnà, wọn kì í sábà rí àyè wá wò ó. Mo sáré bá a.

"Gogo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń pè."

"Èmi kọ́ kẹ̀? Ta tún ni Ndosi níbí?" Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ojú mi, ó sì gbọ́ ọ yé. Ó rọra gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa. Etí mi ti di tipẹ́. Àmọ́ sọ fún ọmọ ilé wa tó wà nínú ibẹ̀ yẹn pé kò dá wà."

Láti ọjọ́ yẹn, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, Gogo á kọjú sí ògiri yàrá MaCele, á máa kọ orin ìsìn sókè. Àwọn tó kù ń kùn pé ó ń pariwo. MaCele á máa fi ìka lu irin bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé e. Inú mi máa ń dùn sí wọn.

Ẹ wò ó, ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, gbogbo wa ì bá ṣì wà láàyè.

Ìgbà tí Lennart máa padà sílé ti ń sún mọ́lé. "Kọ́ mi bí ẹ ṣe ń kí àgbà," ó wí. Mo kọ́ ọ. Ó ń kán oríkì náà mọ́ eyín, mò ń tún un ṣe. Ó wọlé tọ MaCele lọ, ó tẹrí ba, ó ní, "Ndosi! Magaye!" MaCele rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ gbà mí o, rọ́bà yìí máa já! Òyìnbó, ta ló bí ẹ? Tún un wí!"

Nígbà tí a jáde, Lennart fa apá mi. "Phindile, jẹ́ ká gbé e sínú fóònù."

"Ṣé orí ẹ dá? O ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí?"

"Ojú rẹ̀ ò ní hàn. Èmi nìkan lo máa yà. Màmá mi nìkan ló sì máa rí i." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun ló máa sọ bóyá o lè wá. Mo fẹ́ kó rí ohun tí o kọ́ mi."

Ẹ má bi mí pé ṣé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí ara mi nínú bàálù, nínú aṣọ òtútù, tí ènìyàn ń pè mí ní dókítà ní Jámánì. Ọlọ́pàá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì tí wọ́n ń rọ ọbẹ̀ ẹ̀wà sí nínú. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Lennart, mo gbé e sókè.

Lennart tẹrí ba níwájú aṣọ bulúù tí a ta sí ojú fèrèsé. "Ndosi! Magaye! Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ohùn MaCele dáhùn láti ẹ̀gbẹ́, "Mo jí o, ọmọ mi! Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí aya Zulu fẹ́!"

Mo sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo wọ takisí lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin kan níwájú mi na fóònù rẹ̀ sí ẹnì kejì. "Ẹ wá wo òyìnbó tó ń ki ará Cele!" Gbogbo ọkọ̀ na ọrùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní kó tún un gbé. Mo gbọ́ ohùn Lennart. Mo gbọ́ ohùn MaCele. Mo di ẹnu mi mú kí n má baà pariwo.

"Ẹ gbé e wá kí n rí i," awakọ̀ wí. Wọ́n na fóònù náà sí i níbi tí iná ti dá wa dúró. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún un gbé, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Obìnrin tó dáhùn yẹn," ó rọra sọ ọ́, "mo mọ ohùn yẹn. Wọ́n ní ó ti kú." Iná sọ pé kó máa lọ, kò lọ. Ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Ó wo aṣọ bulúù tó wà nínú fídíò náà, ó wo aṣọ ọsibítù tí mo wọ̀ nínú dígí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbé fóònù tirẹ̀ sí etí.

Mo sáré wá Lennart kàn. Mo ti í mọ́ ògiri. "Màmá ẹ nìkan! Ṣé màmá ẹ nìkan lo wí?"

Etí rẹ̀ pọ́n bí iná. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi díẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa gbé e kiri. Mo ti pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn." Ó di ọwọ́ mi mú. "Jẹ́ ká lọ sọ fún Dókítà Govender. Nísinsìnyí."

Ẹ gbọ́ o. Òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ọmọ onílé ni mo di aṣọ rẹ̀ mú.

"Tí o bá sọ fún un, wọ́n á lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ìwọ máa wọ bàálù lọ bá màmá ẹ. Èmi ńkọ́? Dákẹ́ ẹnu ẹ. N óo tún un ṣe."

Bí mo ṣe tún un ṣe rèé. Mo lọ bá Sístà MaKhoza tó ń darí wọ́ọ̀dù, mo ní Dókítà Govender fẹ́ lo yàrá kékeré yẹn fún ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí a gbé Petersen síta. Irọ́ ni. A gbé MaCele sáàárín àwọn obìnrin, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dojú kọ ti Gogo. Mo ní bóyá wọn ò ní dá a mọ̀ láàárín èrò. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé wọ́n ti gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ìjókòó rẹ̀ má baà júwe ibi tó wà. Ó dìde, ó na ara rẹ̀, ó wá oúnjẹ lọ.

Mo tẹ̀ sí etí MaCele. "Tí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹ má dáhùn."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Khabazela?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Lọ́sàn-án, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó wá wo aláìsàn. Ọkùnrin méjì wọlé pẹ̀lú wọn. Àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù, tó dé fìlà, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé àpò ọsàn. Aṣọ bulúù inú fídíò tó hàn lójú fèrèsé láti ìta ni wọ́n tẹ̀ lé: wọ́n gba yàrá kékeré lọ tààrà, wọ́n ṣí i, wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Wọ́n padà wá sáàárín wọ́ọ̀dù.

Àgbàlagbà náà ṣí fìlà. Ó kí gbogbo ilé, wọ́n dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè, ohùn tó dùn, bí ẹni tó dé ilé àna rẹ̀.

"Ndosi! Magaye! A mú ọsàn wá fún yín o!"

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn tí wọ́n fowó rán ni, wọn ò mọ ojú rẹ̀, wọn ò mọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọn ò mọ orúkọ tí a fún un. Wọ́n mọ̀ pé ará Cele tí ẹnì kan bá ki kò lè ṣe kó má jẹ́. Èmi ló fi hàn wọ́n nínú fídíò pé ó ń jẹ́.

Mo wà ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n ju nǹkan. Mo dúró síbẹ̀. Mo rí MaCele tó fa aṣọ bo ara rẹ̀ títí dé imú, tí ojú rẹ̀ nìkan yọ.

"Ndosi! Ṣé ẹ ń sùn ni?"

Gogo Ntombana gbé ara rẹ̀ lé ìgunpá. Ó wo bẹ́ẹ̀dì MaCele. Ó wo ọkùnrin náà àti ọwọ́ tó ti bọ inú kóòtù.

"Èmi rèé, ọmọ mi," ó wí. "Mo ti ń retí yín."

Ọsàn dà sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà yọ ìbọn láti ìsàlẹ̀ àpò, àwọn méjèèjì sì yìn ín lù ú. Ọta àkọ́kọ́ fọ́ ìgò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó kù wọ àyà rẹ̀, wọ́n wọ ọrùn rẹ̀, wọ́n gbé e nílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn obìnrin tí kò lè rìn ń ju ara wọn sílẹ̀. Ọ̀kan tí a fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wọ́ irin tó dì í mú wó lé ara rẹ̀ lórí. Lennart já wọlé láti ìta, àgbàlagbà náà fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ fọ́n ká lórí símẹ́ńtì. Wọ́n rìn jáde. Wọn ò tilẹ̀ sáré.

Mo dé ọ̀dọ̀ Gogo. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọrùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín ìka mi, ó gbóná. Lennart wọ́ ara rẹ̀ wá, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó tẹ àyà rẹ̀. Dókítà Govender dé, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Gogo ń wò mí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Ó kú lábẹ́ ọwọ́ mi.

Àwọn ará ilé rẹ̀ wá gbé e. Nonhle, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí Gogo tọ́, ń wá ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń kú. Sístà MaKhoza nàka sí mi. "Òun ni. Kò fi í sílẹ̀ títí tó fi dákẹ́."

Nonhle di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ẹ̀jẹ̀ Gogo ṣì wà ní ìdí èékánná mi. "Ẹ ṣeun, Khabazela," ó ń sunkún. "Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ṣeun, Khabazela."

Mo gba ọpẹ́ yẹn. Mo ní, "Kò tọ́pẹ́." Ẹ bá mi wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ọlọ́pàá kó gbogbo wa sí yàrá tí a ti ń mu tíì. Ọ̀gá wọn gbé fóònù sórí tábìlì. "Fídíò yìí ni wọ́n rí. Òyìnbó yìí là ń rí, ṣùgbọ́n ta ló gbé fóònù?"

Lennart, tí wọ́n ti fi báńdéèjì di ẹnu rẹ̀, wolẹ̀. Kò dárúkọ mi. Wọ́n gbé fídíò náà. "Ndosi! Magaye!" MaCele dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kan han bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, ó sì parí sí ikọ́.

"Ẹ tún un gbé," Sístà MaKhoza wí.

Wọ́n tún un gbé. Orí yí sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Sístà MaKhoza gbé ọwọ́ lé orí. "Phindile! Yéè! Phindile!"

Dókítà Govender kò pariwo, ì bá sì sàn fún mi ká ní ó pariwo. "Ìgbà wo lo mọ̀ pé wọ́n ti rí i?"

"Láàárọ̀, sà. Nínú takisí."

"Láàárọ̀ lo mọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n wá." Ó dìde. "Fídíò kọ́ ló pa ìyá yẹn. Àárọ̀ sí ọ̀sán tí o fi panu mọ́ ló pa á. Jáde ní ọsibítù mi."

Mo lọ bẹ MaCele kí n tó lọ. Mo jẹ́wọ́ tán. Ó fi ọwọ́ tó fọ́ yẹn gan-an gbá mi létí, okùn tí a fi rán ọgbẹ́ rẹ̀ já, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lójú. Ó tún gbá mi. Mi ò gbé ọwọ́ sókè.

"Ó wò mí kó tó dáhùn!" ó ń kígbe, àwọn nọ́ọ̀sì ń fà á. "Ó mọ̀! Ó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè! Ìyá arúgbó dáhùn nítorí mi, ìwọ tó ní ẹsẹ̀ dúró!"

Ilé ẹ̀kọ́ lé mi. MaCele lọ sí kóòtù lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó dárúkọ àwọn tó pa ọkọ rẹ̀, ó tún nàka sí àwọn tó pa Gogo. Ẹ̀wọ̀n ni gbogbo wọn wà. Lennart pè mí láti Jámánì pẹ̀lú eyín tuntun. Ó ní màmá òun ṣì fẹ́ kí n wá, pé kò sẹ́ni tó ní láti mọ̀ níbẹ̀. Mo pa fóònù, mo sunkún títí mo fi bì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àṣìṣe tí ẹ sì ń ronú bí ẹ ṣe máa fi ọgbọ́n bò ó kí ọ̀gá tó gbọ́, ẹ sáré lọ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé yín. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan kù. Ará ilé Gogo kò tíì mọ̀. Wọn kò wá sí kóòtù, wọn ò rí owó ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí lọ sọ fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ takisí lọ sí abúlé wọn.

Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í ṣàdédé wọ ilé onílé. Ẹnu géètì lo máa dúró sí, wàá fi oríkì ilé náà kígbe, títí ẹnì kan á fi dá ẹ lóhùn. Ẹni tó bá wọlé láìṣe bẹ́ẹ̀, olè ni.

Mo dúró. Ajá wọn ń gbó mi. Mo yí padà, mo rìn dé ojú ọ̀nà, mo tún padà wá. Mo di irin géètì mú.

"Ndosi! Magaye!"

"Àwa rèé!" Ohùn mẹ́ta, mẹ́rin, ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ilé, tayọ̀tayọ̀, láìbèèrè ẹni tó ń pè. Nonhle yọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó dá mi mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀.

"Khabazela! Ẹ jáde wá o, dókítà tó di Gogo mú rèé! Ẹ wọlé, ẹ má dúró síta!"

Ó ti ṣí géètì. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, lóde ilé wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.